Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè Nípa Ọkọ̀: Jíìpù Ìdílé Tí Yóò Rìn Dé Ibi Tí Ọ̀dà Ti Tán

Lẹ́tà márùn-ún tí a ń dáhùn nínú ìtẹ̀jáde yìí wá láti ìgboro Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí ká: bí a ṣe lè tún jíìpù ṣe kí ó lè gbé òbí àti ọmọ lọ sí ibi tí mọ́tò kéékèèké kò lè dé, kí ó sì gbé wọn padà wálé. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀. Ti Bàbá Ìbejì ni a dáhùn ní kíkún jù lọ, nítorí pé orí ohun tí wọ́n béèrè ni ọ̀rọ̀ àwọn yòókù dúró lé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ra Toyota 4Runner tókunbọ̀ ti ọdún 1998 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti Ìdòwú tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni yóò máa wọ̀ ọ́. Èrò wa ni pé kí a máa lọ sí Àdó-Àwáyè, Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Jórinjórin kan ní àdúgbò wa ti ṣírò iye tí yóò gbà láti ṣe bọ́ḿpà irin, káríà gígùn àti iná mẹ́fà sórí ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní òun yóò gbé ọkọ̀ náà sókè ní íǹṣì mẹ́rin, òun yóò sì wọ táyà ńlá sí i. Owó ọwọ́ mi kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Èmi ni Bàbá Ìbejì, Àkóbọ̀.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire ọkọ̀, ẹ̀mí yóò lò ó. Ẹ má bínú sí mi bí mo bá sọ pé kò sí ìkankan nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ tí mo lè ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ méjèèjì fẹ́ tà fún yín ni ohun tí ojú ń rí láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ohun tí ń gbé ìdílé dé ilé wà ní abẹ́ ọkọ̀, níbi tí kò sí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí owó yẹn bá jẹ́ tèmi, láti ìsàlẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, n kò sì ní dé orí ọkọ̀ títí ọdún yóò fi yí po.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ náà ní fọ́ọ̀-wíìlì ní tòótọ́. Kì í ṣe gbogbo 4Runner tó wá láti Amẹ́ríkà ló ní in. Àwọn kan wà lára wọn tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹni tó bá sì wò wọ́n láti ìta kò lè tètè mọ ìyàtọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá jíà: bí ẹ bá rí ọ̀pá kékeré kejì tí a kọ H2, H4 àti L4 sí lórí, ọkọ̀ yín ní in. Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ erùpẹ̀, kì í ṣe lórí ọ̀dà gbígbẹ, nítorí pé nígbà tí irú ọkọ̀ yìí bá wà ní H4, ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò lè yára ju ara wọn lọ, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí erùpẹ̀, táyà yóò yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀; lórí ọ̀dà, jíà ni yóò máa jẹ ìyà náà. L4 ní tirẹ̀ kì í ṣe fún eré sísá rárá. Ó wà fún gígun òkè, fún ẹrẹ̀ jíjìn, àti fún sísọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìjẹ́ pé a ń tẹ bíréèkì títí yóò fi gbóná.

Ohun kejì ni bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ìyẹn oríkèé irin roboto tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ni 4Runner tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2002 ló yẹ kí ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni mowó. Bí wọ́n ṣe to ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà, ṣe ni ìwúwo ọkọ̀ ń fa bọ́ọ̀lù yìí jáde kúrò nínú ihò rẹ̀; kì í tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò bí ó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tó bá ti jẹ, ó lè fà yọ lójijì, kí táyà yí dànù sí ẹ̀gbẹ́, kí imú ọkọ̀ sì forí lélẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ń rọra jáde ní ẹnu géètì ilé yín, àdánù owó lásán ni. Bí ó bá jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n má parí gbólóhùn náà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ó fi ọ̀pá irin ti táyà sókè láti ìsàlẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín sì máa wo jọ́ìǹtì náà bóyá ó ń mì. Ní Àràròmí ní Géètì, níbi tí a ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ óò rí tókunbọ̀ rẹ̀, ẹ óò sì rí tuntun. Ojúlówó tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó pọ́ọ́kú tàn yín. Táyà ńlá àti gíga íǹṣì mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín yóò dá kún wàhálà jọ́ìǹtì yìí ni.

Rédíétọ̀ ló tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ oní-jíà ọ̀tòmátíìkì, ọ́ìlì jíà ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kí ó lè tutù. Bí ohun tó pààlà láàárín omi àti ọ́ìlì nínú rẹ̀ bá jẹrà, méjèèjì á pòpọ̀, ohun tí ẹ óò rí bí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀ yóò dà bí ògì tí ẹnìkan da sóbò sí, jíà náà kò sì ní pẹ́ kú. Rédíétọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún ti sin olówó rẹ̀ tó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kéré sí owó jíà lọ́nà tó jìn.

Gíga tí ẹ ń wá wà nínú ohun tí ẹ ti ní. Sípíríìnì ẹ̀yìn irú 4Runner yìí sábà máa ń rọ̀ nígbà tó bá gbó, tí ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀ bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ tó yó. Bí ẹ bá fi sípíríìnì tuntun tó lágbára díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, ẹ óò rí íǹṣì kan sí méjì gbà, ọkọ̀ náà yóò sì tún dúró dáadáa lójú ọ̀nà. Íǹṣì mẹ́rin jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá: ṣáàfù iwájú yóò tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ọ̀nà rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà yóò nà, iná iwájú yóò máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀, ọkọ̀ náà á sì túbọ̀ yá láti dojúdé nígbà tó bá ń yà. Ẹni tó bá ní òun yóò gbé e ga nípa fífi irin roboto lásán sábẹ́ sípíríìnì tó ti gbó, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì wá ọ̀nà ilé lọ.

Ní ti táyà, èyí tí wọ́n ń pè ní all-terrain ló bá ìrìn yín mu, nítorí pé ó ní eyín tó tó fún erùpẹ̀ pupa àti òkúta, kò sì pariwo lórí ọ̀dà bíi ti táyà ẹrẹ̀ gidi, èyí tí kì í di ọ̀dà mú dáadáa nígbà òjò. Mo mọ̀ pé táyà títóbi ló wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò: bí ọkọ̀ yín bá ń lo 265/70R16 tí ẹ bọ́ sí 265/75R16, abẹ́ ọkọ̀ yóò fi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ péré ga sí i, àti pé nígbà tí aago bá fi 100 hàn, nǹkan bíi 103 kìlómítà ní wákàtí ni ẹ ń sá. Sẹ̀ǹtímítà kan kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ jẹ gbèsè. Tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀. 2319, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kì í ṣe ní ẹnu fọkanáísà. Nínú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, ẹ lè dín afẹ́fẹ́ náà kù sí nǹkan bíi 20 psi kí táyà lè tẹ́ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tún un fẹ́ kí ẹ tó padà sórí ọ̀dà. Nítorí náà, ẹ ra aago ìwọn-afẹ́fẹ́ àti ẹ̀rọ ìfẹ́-táyà kékeré tó ń fi iná bátìrì ọkọ̀ ṣiṣẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi bírò àti ìwé jókòó sí nìyí: ọ̀rọ̀ ìwúwo. Lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà kan náà, ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí a kọ GVWR sí, pẹ̀lú iye pọ́n-ùn àti kìlógíráàmù. Iye ìwúwo tí ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá ni, ènìyàn, ẹrù, epo àti irin rẹ̀ pọ̀. Bí a bá yọ ìwúwo ọkọ̀ òfìfo kúrò níbẹ̀, ohun tó kù ni agbára ìgbẹ́rù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ní ẹ̀yin jẹ́ 85 kìlógíráàmù, ìyàwó yín 70, Táíwò àti Kẹ́hìndé 28 ẹnì kọ̀ọ̀kan, Ìdòwú 20. Ó ti di 231 kí ẹnikẹ́ni tó gbé búrẹ́dì dání. Ẹ fi 50 kún un fún bọ́ḿpà irin, 40 fún káríà irin, 25 fún bátìrì kejì, 30 fún fíríìjì tó kún, 40 fún omi lítà 40, 15 fún epo lítà 20, 25 fún irinṣẹ́, 45 fún àgọ́, ẹní, oúnjẹ àti sílíńdà gáàsì. Àròpọ̀ rẹ̀ ti di 501; ẹ fi wé agbára ìgbẹ́rù ọkọ̀ yín. Ẹ ṣàkíyèsí pé bọ́ḿpà àti káríà nìkan jẹ́ 90, ìyẹn ju ìwúwo àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò bá yín jókòó, wọn kò sì bá yín ṣeré. Ojoojúmọ́ ni ẹ óò sì máa ra epo fún wọn, láti Àkóbọ̀ lọ sí Ìwó Road, yálà ẹ ń lọ sígbó tàbí ẹ kò lọ. Ohun tó bá wà lórí òrùlé burú jù, torí pé ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìwé ìlò ọkọ̀ yín sọ iye tí òrùlé lè gbé, káríà fúnra rẹ̀ sì wà lára iye náà.

Ṣé kí jórinjórin yín wá jókòó lásán ni? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe pẹpẹ irin tí yóò dáàbò bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti àgbá ọ́ìlì lọ́wọ́ òkúta, kí ó dá ihò sí i fún títú ọ́ìlì, kí ó sì fi bóòtù dè é mọ́ ṣáṣíìsì, kí ó má ṣe jó o mọ́ ọn. Kí iná jíjó kankan tó sún mọ́ ọkọ̀, ẹ yọ okùn bátìrì, nítorí pé ọpọlọ ẹ̀rọ ọkọ̀ òde òní kò fẹ́ràn iná jórinjórin. Ti bọ́ḿpà irin, n kò ní gbà fún yín. A ṣe imú ọkọ̀ kí ó lè rún nígbà ìjàm̀bá, kí ó gba ipá náà dípò àwọn tó wà nínú rẹ̀, a sì ṣètò bàlúù ìdáàbòbò inú ọkọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú bí imú náà ṣe ń rún. Irin tí kò lè rún yóò da gbogbo ètò yìí rú. Iná mẹ́fà orí òrùlé náà lè dúró di ìgbà mìíràn, torí pé ẹ kò ní rìn lóru.

Ohun tí yóò yọ yín nínú ẹrẹ̀ kò wọ́n: okùn ìfaọkọ̀ tó nípọn, ṣọ́bìrì, pákó méjì. Ẹ mọ ibi tí ìkọ́ ìfaọkọ̀ wà lára ṣáṣíìsì kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má sì so okùn mọ́ bọ́ọ̀lù tí a fi ń fa tírélà láéláé, nítorí pé bọ́ọ̀lù náà lè já, kí ó sì fò bí ọta ìbọn. Pákó tí mo mẹ́nu bà yẹn, ìyà ló kọ́ mi. Ní ọdún kan tí táyà wa jò ní ojú ọ̀nà oko kan ní Òkè-Ògùn, jáàkì tí mo fi ń gbé ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì sínú ilẹ̀ bí mo ṣe ń yí i. Ọkọ̀ kò gbéra, jáàkì ló ń wọlẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tó dúró tí ń wò wá lọ yọ ilẹ̀kùn abà rẹ̀ wá fún wa láti fi tẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, pákó onígun mẹ́rin kan kì í kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn Prado wa, ó kan ibùsùn pákó sínú rẹ̀ kí àwọn ọmọ wa mẹ́ta lè máa sùn bí a bá ń rìnrìn àjò. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kò sí ohun tó ṣe é, pé búùtù Peugeot 504 ni àwọn máa ń kó ọkọ mi àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí lọ sí Ọ̀yọ́. Kí ni kí n sọ? Èmi ni Ìyá Àdùkẹ́, Bódìjà.

Ìdáhùn: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ bá mi kí Màmá, èmi náà wà lára àwọn tó jókòó sí búùtù 504. Ọlọ́run ló pa wá mọ́, kì í ṣe búùtù. Ohun tí ọkàn yín ń sọ fún yín, òótọ́ ni. Ọmọ tó dùbúlẹ̀ lórí pákó láìsí bẹ́líìtì jẹ́ ẹrù tí a kò dè. Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí bá kọlu nǹkan, tó sì dúró láàárín ìdajì mítà, ohun tó wúwo tó 10 kìlógíráàmù yóò ta síwájú bí ẹni pé 200 ni. Kò sí apá ìyá kankan tó lè di èyí mú. Ìṣirò yìí kan kúlà oúnjẹ, sílíńdà gáàsì àti àpótí irinṣẹ́ bákan náà. Gbogbo wọn ni kí ẹ fi okùn oníkọ̀ọ́ dè mọ́ ìkọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì ta àwọ̀n tó lágbára sáàárín ẹrù àti ìjókòó.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ yín kò gbọdọ̀ ṣòfò. Kí wọ́n dá ìjókòó padà, kí wọ́n gé ibùsùn náà sí ọ̀nà mẹ́ta tó ń ká lórí ìjókòó tí a tẹ̀ síwájú, kí ó jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró níbi tí ẹ óò sùn ni ẹ óò tó tẹ́ ẹ. Lójú ọ̀nà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó lórí àga ọmọdé tirẹ̀ títí yóò fi ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145, torí pé lára ọmọ tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́líìtì àgbàlagbà ń gba orí ikùn àti ọrùn kọjá dípò egungun ìbàdí àti èjìká. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n jókòó sí.

Ohun kan tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mo gbọ́dọ̀ sọ: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ọkọ̀ tí a tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí éésì. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ẹni tó ń sùn kò ní jí láti sá. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí i. Bákan náà, ẹ má dáná gáàsì tàbí èédú nínú ọkọ̀, kí ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú ibi tí ènìyàn wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Dádì mi ní Pajero, wọ́n sì fẹ́ kí n bá àwọn to fíríìjì kékeré àti bátìrì kejì sínú rẹ̀. Bátìrì inverter 100 Ah (ámúpù-wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé) kan wà nílẹ̀ nílé. Ríwáyà wa ní kí a kàn fà á láti ara wáyà iná ẹ̀yìn. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Àbúrò yín, Agbowó.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò dára. Wáyà iná ẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́, gílóòbù ni wọ́n ṣe é fún. Bí fíríìjì bá ń fa iná gba ibẹ̀ láti ìlú dé ìlú, yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, èyí tí ẹ óò fi mọ̀ sì ni òórùn. Láti orí bátìrì tààrà ni kí wọ́n ti fa wáyà tó nípọn wá sẹ́yìn, kí wọ́n sì fi fíúsì sí i nítòsí orí bátìrì, kì í ṣe ní ìdí fíríìjì. Ohun tí fíúsì ń dáàbò bò ni wáyà fúnra rẹ̀. Bí wáyà bá bó lójú ọ̀nà níbi tó ti ń fi ara nu irin, tí fíúsì sì wà ní òpin rẹ̀, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró. Bátìrì méjì wà, nítorí náà fíúsì méjì ni, ọ̀kan ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Laarin bátìrì méjèèjì, ẹ fi ẹ̀rọ ìpínyà sí i, èyí tí yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí a bá pa á, kí fíríìjì má baà fa bátìrì tí a fi ń sitáàtì gbẹ mọ́jú. Ní ti iye tí yóò gbé, ìwọ fúnra rẹ lè ṣírò rẹ̀: fíríìjì 45 wátì lórí iná fóòltì 12 ń fa 3.75 ámúpù, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, ó ti jẹ 45 Ah. Bátìrì olómi tàbí tíúbúlà 100 Ah kò fẹ́ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí náà ọjọ́ kan péré ni ẹ óò rí lò kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n wo irú èyí tó wà nílé yín dáadáa kí o tó gbé e. Tíúbúlà inverter ga, ó sì wúwo, omi ásíìdì rẹ̀ lè dà nígbà tí ọkọ̀ bá ń jò lórí òkúta, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná síta nígbà tó bá ń gba iná. Irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá àwọn ọmọ jókòó. Sọ fún Dádì pé kí wọ́n ra èyí tí a dí pa. Bí ó bá sì jẹ́ ìrìn àjò ọjọ́ kan ni ẹ máa ń lọ, kúlà tí a kó omi dídì sí ti tó.

Ìbéèrè: Highlander ni tèmi. Ṣé mo lè ṣe gbogbo ohun tí àwọn oní-4Runner ń ṣe sí i? Mo tún fẹ́ kun ún ní àwọ̀ ewé bíi ti ọkọ̀ sójà, kí n sì fi tíńtẹ́ẹ̀dì sí gíláàsì rẹ̀. Oníṣòwò kan, Dùgbẹ̀.

Ìdáhùn: Rárá, ẹ kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Highlander kò ní ṣáṣíìsì tó dá dúró lábẹ́ ara ọkọ̀, kò sì ní jíà kékeré tí a fi ń gun òkè bíi L4. Ọkọ̀ ìdílé gidi ni, tí yóò rìn dáadáa lórí ọ̀nà erùpẹ̀ nígbà ẹ̀rùn bí táyà rẹ̀ bá dára; ẹ fi owó yòókù ra epo. Ní ti àwọ̀, bí ẹ bá yí i padà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ yí i nínú ìwé ọkọ̀ yín pẹ̀lú. Àwọ̀ ológun, ẹ fi sílẹ̀ fún ológun. Tíńtẹ́ẹ̀dì ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1991, ọwọ́ ọlọ́pàá sì ni àṣẹ rẹ̀ wà. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ní Land Cruiser àtijọ́ kan. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ láti Èkó fún ìsinmi, mo fẹ́ kó wọn jáde. Ẹnì kan ní kí n fi snorkel sí ọkọ̀ náà kí a lè máa la odò kọjá. Ṣé ó pọn dandan? Ibo sì ni kí a kọ́kọ́ lọ? Bàbá Àgbà, Apẹ̀tẹ́.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Apẹ̀tẹ́ ni ẹ ń gbé, ẹ kò nílò ẹni tí yóò rán yín létí ohun tí omi ṣe sí afárá yín ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìran yín sì ni ìran tó fojú rí Omíyalé Ògúnpa ní 1980. Ohun tí snorkel ń ṣe kò ju pé ó ń gbé ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí sókè. Kò sọ ọkọ̀ di wíwúwo, kò sì dí ojú ibòmíràn tí omi lè gbà wọlé. Omi tó ń ṣàn, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, jíìpù pẹ̀lú. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ nínú ọkọ̀, omi tí ẹ kò bá lè kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn kọjá láìmì, ẹ má wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti la omi kékeré kọjá, ẹ tẹ bíréèkì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó lè gbẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá délé. Bí ó bá ti funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń lọ kan Bàbá Ìbejì náà. Kí n sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ ibi tí a ń torí rẹ̀ tún jíìpù ṣe kò nílò fọ́ọ̀-wíìlì. Mọ́tò kékeré ń dé ìdí òkè Àdó-Àwáyè, ẹsẹ̀ ni a fi ń gun ibi tí adágún Ìyàkẹ̀ wà. Ó sì ń dé ìtòsí ìṣàn omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká ni ó ní ọ̀nà igbó gidi: ilẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìgbà ẹ̀rùn ni ó sì dára jù láti lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ ibẹ̀. Olú-iléeṣẹ́ ọgbà náà wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí àti bóyá ààbò wà ní àkókò tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì gba ẹ̀ṣọ́ tí yóò mú yín wọlé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má lọ.

Nítorí náà, Àdó-Àwáyè ni kí ẹ kó àwọn ọmọ-ọmọ lọ lákọ̀ọ́kọ́, ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ mọ́jú, torí pé òkúta òkè yẹn ń yọ̀ bí ilá. Ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ gba Mọ́níyà àti Ìjàyè dé Ìsẹ́yìn, kí ẹ sì ti padà dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kọ nọ́ńbà 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀ níbi tí ọmọ tó mọ̀wé nínú wọn lè rí i. Àti pé bí táyà yín bá jẹ́ tuntun, tàbí bí fọkanáísà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ tí ó sì dè é padà, ẹ dúró ní Ìsẹ́yìn kí ẹ tó yà sí Àdó, kí ẹ mú sípánà, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé lẹ́yìn kìlómítà díẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń tú.